Ta Ni Yóò Gba Ọ̀pá Náà ní Ààlà Abúlé Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú nínú eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n sì wá gbọ́ tiwa. Eré tí à ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń gba ife ẹ̀yẹ. Eré ọ̀nà jíjìn ni, tí ẹni kan yóò sá dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí yóò fi ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí àwọn ará ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà yóò sì máa jáde wá bá wọn sá díẹ̀, tí owó tí a bá rí kó jọ yóò sì jẹ́ ti àwọn aláìsàn. Àbá wa ni pé kí a sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ìbógun, láti Ifọ̀ títí dé Mowe àti Ìbafò, kí gbogbo abúlé tí ó wà láàárín sì ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ Yorùbá. Ṣáájú kí ojú irin Èkó tó gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní òpin ọ̀rúndún 19, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ìròyìn láti ìlú dé ìlú. Ní ti pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dà sí iṣẹ́ ẹnì kan, àgbẹ̀ wo ni kò mọ ọ̀wẹ̀? Bí a bá bẹ ènìyàn ní ọ̀wẹ̀, olóko ni yóò pèsè oúnjẹ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni yóò gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá lè kọ ebè mẹ́wàá yóò kọ mẹ́wàá, ẹni tí ó bá lè kọ ọgọ́rùn-ún yóò kọ ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò dúró ti ẹnìkejì rẹ̀ kí ó máa ka ebè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ará òkè òkun fi eré sísá ṣe ní nǹkan bí 45 ọdún sí ìsinsìnyí, ọ̀wẹ̀ ni, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọmọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Terry Fox ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1977, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 18, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lókè orúnkún nítorí àrùn jẹjẹrẹ inú egungun. Ní ilé ìwòsàn ni ó ti rí àwọn ọmọdé tí àrùn kan náà ń jẹ run, ó sì pinnu pé òun yóò wá owó fún àwọn tí ń wádìí oògùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1980, ó ki ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ omi òkun Àtìláńtíìkì ní ìlú St. John's, ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ète rẹ̀ ni láti la gbogbo Kánádà já dé òkun kejì. Nǹkan bí kìlómítà 42 ni ó ń sá lójúmọ́, èyí tí í ṣe ìwọ̀n eré tí àwọn sárésáré ayé ń sá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó lọ sinmi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí àwùjọ, kò sí ìlù. Ní àwọn ibòmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi dé ìgbèríko Ontario, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ènìyàn ti ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, olúkúlùkù sì ń na owó rẹ̀ síta. Dọ́là kan péré ni ó bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ 143 àti kìlómítà 5,373, ó ní láti dúró nítòsí ìlú Thunder Bay, nítorí pé àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò rí òkun kejì. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Kejì ọdún 1981 dé, owó náà ti lé ní 24 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú iye ènìyàn tí ó wà ní Kánádà nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1981; ó ku oṣù kan kí ó pé ẹni ọdún 23. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde láti gba eré rẹ̀ sá, wọ́n sì ti ń sá a láti ọdún dé ọdún ní Kánádà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Owó tí ó ti tibẹ̀ wá ti ju 800 mílíọ̀nù dọ́là ti Kánádà lọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò fẹ́ kí ẹ fi ojú fò dá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá bá ọmọkùnrin yìí pé kí ó fi orúkọ rẹ̀ bá àwọn polówó ọjà, ó sì kọ̀. Ẹni tí kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ, tí ń sùn nínú ọkọ̀, kọ owó, nítorí ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí eré òun bá di ìpolówó ọṣẹ tàbí ti ọtí, ẹni tí ó ní dọ́là kan péré yóò wò ó pé kò kan òun mọ́. Títí di òní, nínú eré tí a ń sá ní orúkọ rẹ̀, a kì í ka ẹni tí ó ṣe ipò kìíní, a kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1984, nígbà tí a fẹ́ gbé iná ògùṣọ̀ Òlíńpíìkì láti New York lọ sí Los Angeles, wọ́n ta ojú ọ̀nà náà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ògùṣọ̀ náà, tàbí tí ó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé e, yóò san 3,000 dọ́là, owó náà yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ-ọmọ Jesse Owens, àgbà sárésáré aláwọ̀ dúdú tí ó gba góòlù mẹ́rin ní Jámánì ní ọdún 1936 lójú Hitler, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé e. Ọjọ́ 82 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, iye àwọn tí ó gbé ògùṣọ̀ ju 3,000 lọ, owó tí wọ́n sì rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ará Gíríìsì, tí iná náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, bínú gidigidi. Wọ́n ní a kì í ta iná mímọ́ bí ẹni ń ta ẹran lórí àtẹ. Àwa kò dá àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́bi tán, nítorí owó náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a tìtorí wọn gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Èwo nínú méjèèjì ni àwọn ọmọ ń sá lónìí?

Ní tiwa níhìn-ín, ọmọ Yorùbá kan ti ṣe ohun tí ó jọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alùpùpù ni ó gùn. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn ọjọ́ 41. Nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó ṣe rin ìrìn náà, kí ènìyàn lè dá owó láti lé àrùn náà kúrò ní ayé. Nígbà tí ó dé, tọmọdé tàgbà ni ó jáde lọ pàdé rẹ̀, àwọn oní-alùpùpù sì bá a gùn wọ ìlú. Ẹ rántí pé ní ọdún 1988, iye ènìyàn tí àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún lágbàáyé jẹ́ nǹkan bí 350,000. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọdún 2016 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí kòkòrò rẹ̀ ti inú ìgbẹ́ mú, ní ìpínlẹ̀ Borno, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní ọdún 2003, owó wà, oògùn àjẹsára wà, ṣùgbọ́n àwọn ará òkè ọya kan kò gbà á fún àwọn ọmọ wọn, nítorí wọ́n gbọ́ pé oògùn náà yóò sọ àwọn ọmọ di àgàn. Kí wàhálà yẹn tó rọlẹ̀, àrùn náà ti ti ilẹ̀ wa tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé àwọn tí ń dara pọ̀ lójú ọ̀nà ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá ìdajì máìlì nítorí àrùn kan kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi àhesọ ọ̀rọ̀ tan òun nípa àrùn náà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn Gandhi mọ èyí dáadáa. Àwọn tí ó bá a jáde nílé ní oṣù Kẹta ọdún 1930 láti lọ bu iyọ̀ ní etí òkun kò tó 100. Ọjọ́ 24 ni wọ́n rìn, nígbà tí wọ́n sì fi dé Dandi, àwọn tí ó ti abúlé dara pọ̀ mọ́ wọn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láìpẹ́ yìí pẹ̀lú, òyìnbó ọ̀dọ́ kan, Russ Cook, sá láti ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà dé ìpẹ̀kun àríwá rẹ̀ ní Tùnísíà, láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ 352 gbáko. Ó gba orílẹ̀-èdè wa kọjá, ẹ̀yìn dídùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró níhìn-ín. Ní ọjọ́ tí ó parí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá bá a sá apá tí ó kù. Owó tí ó kó jọ fún àwọn aláìní tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Kí òyìnbó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá nítorí àwọn aláìní dára. Kí àwa náà sá tiwa dára jù ú lọ.

Nítorí kí ni kí àwa sá tiwa? Àwa yan àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí agbo ilé ní agbègbè yìí tí kò mọ̀ ọ́n, bí wọn kò bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wà tí wọ́n sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú, àrùn yìí ni ó pa wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́rin wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ AS, tí ara rẹ̀ le koko, tí kò sì mọ̀. Bí ọkùnrin AS bá fẹ́ obìnrin AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe ọ̀ràn àjẹ́, kì í ṣe ẹ̀san. Ìṣirò ni.

Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó. Oògùn tí ó yẹ kí ọmọ SS máa lò lójoojúmọ́, èyí tí kò ní jẹ́ kí ibà mú un, èyí tí ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣe, àti pẹnisílínì fún àwọn tí ó kéré, kò sí èyí tí owó rẹ̀ ga nínú wọn bí a bá fi wé owó àìsàn tí ó bá wọlé tán. Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn yìí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n Ìdí-Àràbà jìnnà sí obìnrin tí ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìbógun, tí ọmọ rẹ̀ ń ké lóru pé egungun ń dun òun. Owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ nìkan tó láti mú un jókòó sílé. Owó eré náà, bí ó bá jẹ́ tiwa ni, yóò gbé ìyẹ̀jẹ̀wò àti oògùn wá sí tòsí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wọn kí ìdána tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí a ti gba owó orí ìyàwó tán.

Ọ̀nà tí a rò nìyí. Kí ọ̀pá gbéra ní Ifọ̀, níbi tí ojú irin àtijọ́ ti yà sí ọ̀nà Ìlaròó, kí ó wá sí Ìbógun, kí ó gba àárín àwọn abúlé já sí Mowe, kí ó sì parí ní Ìbafò. Kí ará abúlé kọ̀ọ̀kan pàdé ọ̀pá ní ààlà wọn, kí wọ́n sì sìn ín dé ààlà kejì. Ẹni tí kò bá lè sáré, kí ó rìn. Kí àwọn àgbà jókòó sí ìdí igi pẹ̀lú ìkòkò omi tútù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ìbógun níbẹ̀; kí àwọn náà fi ìwé sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí àwọn aboko ìrẹsì ní Ọ̀fadà má ṣe rò pé kò kan àwọn nítorí pé ọ̀nà kò gba iwájú ilé wọn. Mowe kò jìnnà sí wọn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá eré yìí lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú ayé wà. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà yẹn ní ọdún 1978, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìbógun-Ọláògún, ẹ̀mí tí ó ti gbà kò kéré, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó ń gba Mowe àti Ìbafò kọjá kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń sá eré àánú. Bí ọ̀pá bá fẹ́ gba ibẹ̀ sọdá, àfi kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá ọkọ̀ dúró. Kí eré sì bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Ní ti àkókò, àwa ìbá ní oṣù Kejìlá nígbà tí a ti kórè ìrẹsì tán, ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ a máa ta egungun àwọn tí a tìtorí wọn sá eré yìí jí. Lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì pe àgbẹ̀ padà sí oko, ni ó tọ́. Àwọn tí àrùn náà ń ṣe kò gbọdọ̀ sá rárá. Kí a fi àga sí iwájú fún wọn.

Ó ku èyí tí yóò dun àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa. A kò fẹ́ rí àsíá ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀, tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. A kò fẹ́ àwòrán ẹnikẹ́ni lára aṣọ. A ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ẹgbẹ́ bá ṣe làálàá, kí ẹgbẹ́ jẹ èrè rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń mú kí ẹni tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ wa bá wá fún un ní oògùn ìgbàlà. Ọmọ SS kò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan lọ́wọ́. Bí olówó kan bá sì dìde pé òun yóò san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a fi orúkọ òun pe eré, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì ní kí ó san ìwọ̀n tí aládùúgbò rẹ̀ san. Bí ó bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó san án ní ìkọ̀kọ̀.

Kí àwọn tí yóò di owó mú jẹ́ mẹ́ta, kí a yan wọ́n ní gbangba, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin ọlọ́jà, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn náà. Kí gbogbo ẹni tí ó bá dá owó gba rìsíìtì, ì báà ṣe ọgọ́rùn-ún náírà. Kí owó wọ báńkì ní ọjọ́ kejì, kí ó sì jẹ́ pé ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ ọjà tí ó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé eré náà, kí akápò dúró láàárín ọjà, kí ó ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sókè, abúlé kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè sì bi í níbẹ̀.